Àfojúsùn: Ìbọn Tó Ń Wo Ọ̀nà Jíjìn, Láti Kírìjì Títí Dòní

Ẹ jẹ́ kí n fi eré kékeré kan bẹ̀rẹ̀. Ẹ dìde, ẹ lọ sójú fèrèsé. Èmi máa ń ṣe é ní bákóní ilé wa ní Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó. Ẹ na apá yín gbọọrọ síwájú, ẹ gbé àtàǹpàkò sókè, ẹ di ojú òsì, kí ẹ fi ojú ọ̀tún wo dáńfó kan tó dúró lọ́ọ̀ọ́kán. Ẹ jẹ́ kí àtàǹpàkò bo iwájú dáńfó náà. Ó yá, ẹ pààrọ̀ ojú: ẹ di ọ̀tún, ẹ la òsì. Ẹ ó rí i pé àtàǹpàkò yín fò kúrò níbi tó wà, ó bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ẹ fojú díwọ̀n ibi tó fò dé. Tó bá fò tó ìwọ̀n dáńfó méjì, tí dáńfó kan dẹ̀ gùn tó mítà mẹ́rin àbọ̀, mítà mẹ́sàn-án nìyẹn. Ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́wàá. Dáńfó yẹn jìnnà sí yín tó nǹkan bíi mítà 90.

Kì í ṣe idán o. Láti ẹyinjú kan sí èkejì tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 6.5. Láti ojú dé orí àtàǹpàkò téèyàn nà síwájú, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́wàá ìyẹn. Ohun tó ṣẹlẹ̀ nítòsí, láàárín ojú àti ọwọ́, náà ló ń ṣẹlẹ̀ lọ́nà jíjìn, láàárín ọwọ́ àti dáńfó. Òun la fi ń mọ bí nǹkan ṣe jìnnà tó láìrìn dé ibẹ̀. Lórí ọgbọ́n yìí ni wọ́n kọ́kọ́ gbé ẹ̀rọ tó ń wọn ọ̀nà jíjìn fún ìbọn kà. Ọ̀rọ̀ ìbọn dẹ̀ ni mo bá wá. Èmi ò ní ìbọn, mi ò sì fẹ́ ní. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń gbé níbi tí wọ́n ń pè ní Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó, ìyẹn ibi tí Ìjẹ̀ṣà tẹ̀ dó sí, ó yẹ kó bi ara rẹ̀ léèrè lọ́jọ́ kan: kí làwọn Ìjẹ̀ṣà ìlú Èkó ṣe nígbà tí ogun ń jà nílé? Ìdáhùn ìbéèrè yẹn, ìbọn ló wà nínú rẹ̀.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ kan ná. Lónìí, bí olóṣèlú bá gbé gbohùngbohùn, á ní “àfojúsùn ìjọba wa ni pé…” Olùkọ́ náà á ní kí la kọ àfojúsùn ẹ̀kọ́ sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ ọdẹ la ti ń gbọ́ ọ dáadáa: kéèyàn fojú sun nǹkan ni pé kó na ìbọn sí i, kó fi ojú kan wo ẹnu ìbọn, kí ẹnu ìbọn sì bá ohun tó fẹ́ pa dọ́gba. Ojú, ìbọn, ẹran: mẹ́ta lórí ìlà kan.

Pẹ̀lú ṣakabùlà, ó tán síbẹ̀. Ẹnu ni wọ́n ti ń kì í: wọ́n á da ẹ̀tù sí i, wọ́n á ki ọta bọ̀ ọ́, wọ́n á fi ọ̀pá gún un wọlé, wọ́n á tún da ẹ̀tù díẹ̀ sí ibi tí òkúta ìbọn á ti ta iná sí i. Inú ihò rẹ̀ ń dán bọ̀rọ́, ọta kì í sì í bá a mu ṣinṣin, kò sí ohun tó ń yí ọta kó lè rìn gún. Bí ẹran bá ti kọjá nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ìṣísẹ̀, ẹni tó yìn ín kàn ń fi ẹ̀tù ṣòfò ni. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé ẹsẹ̀ ni ọdẹ wa fi ń wọn ọ̀nà jíjìn. Kò ní béèrè pé “mítà mélòó ni?” Á wo ibi tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí, á yọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, á sún mọ́ ọn títí tí kò fi ní sí ìdí láti béèrè mọ́. Ọgbọ́n ọdẹ, ọgbọ́n ìsúnmọ́ ni.

Ogun wa náà, bẹ́ẹ̀ ló rí fún ìgbà pípẹ́. Ìbàdàn ló mọ̀ ọ́n jù. Ní November 1878 wọ́n ṣẹ́gun ní Ìkìrun, nínú ogun tí wọ́n ń pè ní Jálumi, wọ́n lé ọmọ ogun tó dojú kọ wọ́n títí wọ́n fi bẹ́ sódò. Ogun ìsúnmọ́ nìyẹn: kéèyàn rọ́ lu èèyàn kó tó ráyè kì ìbọn lẹ́ẹ̀kejì. Ẹni tó bá pọ̀ jù, tó láyà jù, òun ló ni ọjọ́ náà.

Ṣùgbọ́n ní ọdún 1878 yẹn kan náà, Fábùnmi ará Òkè-Ìmẹ̀sí ti pa ajẹ́lẹ̀ Ìbàdàn. Èkìtì, Ìjẹ̀ṣà àtàwọn mìíràn para pọ̀, wọ́n ń jẹ́ Èkìtìparapọ̀. Ògèdèǹgbé ọmọ Iléṣà di balógun wọn. Wọ́n pàdé Ìbàdàn láàárín àwọn òkè tó wà níhà Ìgbájọ àti Ìmẹ̀sí-Ilé. Ibẹ̀ ni ogun dúró sí. Ìró ìbọn tó ń dún láàárín òkè, tí òkè sì ń dá a padà, “kí-rì-jì, kí-rì-jì,” ló fún ogun náà lórúkọ.

Ibí yìí làwọn ará Èkó ti wọ ìtàn. Àwọn Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì pọ̀ ní Èkó nígbà yẹn. Ọ̀pọ̀ wọn ló jẹ́ ẹrú tàbí ọmọ ẹrú tó padà wálé láti Sàró àti láti Bùràsíìlì. Wọ́n ti kàwé, wọ́n ń ṣòwò, wọ́n mọ ọ̀nà ilé ìtajà òyìnbó. Wọ́n dá ẹgbẹ́ Èkìtìparapọ̀ sílẹ̀ ní Èkó. Philip José Meffre, ọ̀kan nínú àwọn tó ti Bùràsíìlì bọ̀, wà lára àwọn aṣáájú wọn. Ẹgbẹ́ yìí dáwó, wọ́n ra ìbọn, wọ́n fi ránṣẹ́ sílé. Ọ̀nà Ìjẹ̀bú àti Ẹ̀gbá kò ṣeé gbà bó ṣe wuni, nítorí náà ọ̀nà ìlà-oòrùn ló wúlò, ọ̀nà Oǹdó tí Gómìnà Glover ti là ní 1872: ẹ gba orí ọ̀sà, ẹ gòkè sí Oǹdó, ẹ gba inú igbó lọ sí ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà.

Kí ni wọ́n rà? Wọn ò ra ṣakabùlà. Snider ni wọ́n rà. Àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì ti gbà á ní 1866. Ìdí ni wọ́n ti ń kì í, kì í ṣe ẹnu. Ẹ̀tù àti ọta wà nínú agolo kan ṣoṣo. Kóo ṣí i, kóo kì í, kóo pa á dé, kóo yìn ín. Ẹni tó mọ̀ ọ́n lò lè yìn ín tó ìgbà mẹ́wàá láàárín ìṣẹ́jú kan. Wọ́n gbẹ́ ìlà yípo sínú ihò rẹ̀, kí ọta lè máa yí bí òkòtó bó ṣe ń lọ, kó má ṣe ta gbọ̀ngbọ̀n sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Nǹkan kan tún wà lórí rẹ̀ táwọn tó ń sọ ìtàn Kírìjì kì í sábà dárúkọ. Lẹ́yìn Snider, nítòsí ojú ẹni tó fẹ́ yìn ín, irin pẹlẹbẹ kan wà tó ṣeé gbé dìde bí àkàbà kékeré. Wọ́n kọ nọ́ńbà sí i lára: 100, 200, 300, 400, ó ń lọ bẹ́ẹ̀ títí kọjá 800 yáàdì. Irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan sì wà lórí àkàbà náà téèyàn lè tì sókè tì sísàlẹ̀.

Kí la fẹ́ fi àkàbà ṣe lórí ìbọn? Ìdí ni pé ọta kì í rìn tààrà. Bó bá ti jáde lẹ́nu ìbọn ló ti ń já bọ́, bí òkò téèyàn jù ṣe ń já bọ́. Ọta Snider ń jáde ní nǹkan bíi mítà 380 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Kó tó dé ọ̀dọ̀ ẹni tó wà ní 300 yáàdì, ó ti já bọ́ ju mítà méjì àbọ̀ lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ta ló ga tó mítà méjì àbọ̀ láàárín wa? Tóo bá na ìbọn sí àyà ẹni náà tààrà, ilẹ̀ iwájú rẹ̀ lọta máa gún. Àkàbà yẹn ló máa ń mú kí ẹnu ìbọn gbójú sókè díẹ̀, kí ọta gba òkè lọ, kó wá já bọ́ síbi tó yẹ.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ o: àkàbà kò mọ ibi tí ọ̀tá wà. Ìwọ lo máa sọ fún un. Tóo bá tì í sí 400, tí ọkùnrin náà sì wà ní 300, ọta á fò kọjá lórí rẹ̀, á lọ bá ẹlòmíràn lẹ́yìn. Ìbọn tuntun mú ìbéèrè tuntun wá sílẹ̀ Yorùbá, ìbéèrè tí ṣakabùlà kò béèrè rí: báwo ló ṣe jìnnà tó? Àwọn tó ti mọ Snider lò láti ìhà Èkó wá ń kọ́ àwọn tó wà lójú ogun. Mo máa ń ronú nípa ẹ̀kọ́ yẹn. Wọ́n kọ́ wọn láti kì í, láti yìn ín, láti fi aṣọ nu ihò rẹ̀. Ọmọ ogun tí bàbá rẹ̀ jẹ́ ọdẹ, tí gbogbo ọgbọ́n tó jogún jẹ́ ìsúnmọ́, ní láti kọ́ pé òun lè dúró sójú kan, kóun pa ẹni tóun ò rí ojú rẹ̀.

Ohun tó ti ẹ̀yìn rẹ̀ yọ, ẹ lè fọkàn rò ó. Ìbàdàn kò lè rọ́ wọlé mọ́ bíi ti Jálumi. Kí wọ́n tó dé ibi tí ìbọn tiwọn lè ṣiṣẹ́ dé, ìbọn Èkìtìparapọ̀ ti dé ọ̀dọ̀ wọn. Nígbà tó yá, Ìbàdàn náà wá Snider rí. Nítorí náà, kò sẹ́ni tó lè sún mọ́ ẹnì kejì mọ́. Ogun dúró bí omi adágún. Wọ́n kọ́ ilé sí bùdó, wọ́n dá oko, wọ́n bímọ síbẹ̀. Ààrẹ Látòósà kú sí bùdó ní 1885. Ogun tó bẹ̀rẹ̀ ní 1877 kò tán pátápátá títí di 1893. Ọdún mẹ́rìndínlógún! Ọmọ tí wọ́n bí nígbà tó bẹ̀rẹ̀ ti lè gbé ìbọn kó tó parí.

Ibí yìí lọ̀rọ̀ ti ń dùn mí. Ṣé àwọn Ìjẹ̀ṣà Èkó ṣe dáadáa? Mi ò lè dá wọn lẹ́bi kíákíá. Àwọn èèyàn wọn wà lábẹ́ ajẹ́lẹ̀, wọ́n ń kó wọn lẹ́rú, wọ́n ń jẹ oko wọn. Ọ̀pọ̀ àwọn tó dáwó yẹn ni wọ́n ti kó ní ẹrú rí, tàbí tí wọ́n kó bàbá wọn. Láìsí Snider, ó ṣeé ṣe kí Ìbàdàn tún tẹ̀ wọ́n mọ́lẹ̀. Òmìnira ni wọ́n ń rà. Ṣùgbọ́n Èkó ni wọ́n wà. Wọn ò gbọ́ kí-rì-jì. Wọ́n fi owó fojú sun ohun tó wà ní ìrìn ọ̀pọ̀ ọjọ́, kò sì sí àkàbà tí wọ́n lè gbé dìde láti mọ ibi tí ọta á já bọ́ sí. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí a bá sọ òkò sọ́jà, ará ilé ẹni ní í bà. Ẹ máa rántí pé ìran Odùduwà ló wà ní òkè méjèèjì.

Ẹ jẹ́ ká tún wo apá kejì ìtàn yìí, torí pé òyìnbó náà ń ṣọ́ wa. Ní July 1890 àwọn orílẹ̀-èdè alágbára fọwọ́ sí ìwé àdéhùn kan ní Brussels. Wọ́n ní láti fòpin sí òwò ẹrú ni. Ṣùgbọ́n nínú rẹ̀ ni wọ́n ti ṣòfin pé a ò gbọ́dọ̀ kó ìbọn tí wọ́n gbẹ́ ìlà sínú rẹ̀ àti irú ìbọn ìgbàlódé bẹ́ẹ̀ wọ apá tó pọ̀ jù nílẹ̀ Áfíríkà mọ́. Èwo ni wọ́n wá fi sílẹ̀ fún wa? Ìbọn olókùúta tí inú rẹ̀ ń dán bọ̀rọ́. Ṣakabùlà! Ìbọn tí kò ríran jìnnà. Kò tó ọdún méjì lẹ́yìn ìyẹn, ní May 1892, àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbé ìbọn Maxim lọ pàdé Ìjẹ̀bú ní Ìmágbọ̀n. Ẹ ti mọ bó ṣe parí. Tí ẹ bá wá rí ọdẹ abúlé lónìí tó ṣì gbé ṣakabùlà kọ́ èjìká, ẹ má sọ pé ara ọdẹ ni kò gbà ọ̀làjú. Òfin ló wà lẹ́yìn rẹ̀. Òfin ìbọn Nàìjíríà ti 1959 pàápàá ya ìbọn tí wọ́n ń ti ẹnu kì sọ́tọ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò sí èyí téèyàn lè ní láìgba ìwé àṣẹ.

Níbòmíràn, wọn ò dúró sójú kan. Ní 1888, Archibald Barr àti William Stroud bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ pọ̀ ní Britain lórí ẹ̀rọ tó ń wọn ọ̀nà jíjìn. Ọ̀pá gígùn kan ni, ojú kan wà ní ìpẹ̀kun ọ̀tún, ojú kan wà ní òsì. Ẹni tó ń wò ó á yí nǹkan títí àwòrán méjèèjì á fi bá ara wọn mu, á sì ka nọ́ńbà. Ṣé ẹ rí i? Àtàǹpàkò wa ti àárọ̀ náà ni, wọ́n kàn fi ojú méjèèjì síra wọn jìnnà ni.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n fi ìlà kéékèèké sínú awò ìbọn, ìyẹn síkóòpù. Ìṣirò rẹ̀ kò le. Wọ́n ń pe ìwọ̀n ìlà náà ní mil. Ẹ mú gíga ohun tẹ́ ẹ̀ ń wò ní mítà, ẹ fi 1000 sọ ọ́ di púpọ̀, kí ẹ fi iye mil tó gbà nínú awò pín in. Ẹni tó ga ní mítà 1.7, tó gba mil 5, ó wà ní mítà 340. Nígbà ogun Vietnam, ará Amẹ́ríkà kan, James Leatherwood, ṣe èyí tó tún rọrùn ju ìyẹn lọ: bóo ṣe ń yí awò kí àwòrán lè tóbi tó ìlà tí wọ́n fà, bẹ́ẹ̀ ni irin kan lábẹ́ rẹ̀ ń gbé awò náà láti bá ọ̀nà jíjìn mu. Àkàbà Snider nìyẹn, ó ti wá ń gun ara rẹ̀. Láti ìgbà tí wọ́n ti ṣe lésà àkọ́kọ́ ní 1960, ìmọ́lẹ̀ ló ń ṣe iṣẹ́ náà: ó máa ń ta lọ, á kan nǹkan, á padà. Tí nǹkan bá wà ní mítà 300, ìrìn àlọ àti àbọ̀ kò ju ìdá méjì nínú mílíọ̀nù ìṣẹ́jú-àáyá lọ.

Àwọn tó ń fi ìbọn ṣe eré ìdárayá tàbí tó ń dẹ igbó pẹ̀lú ìwé àṣẹ lókè òkun máa ń sọ pé yíyan síkóòpù kò le tó gbígbé e kalẹ̀. Ti yíyan: má ra èyí tó ń sọ nǹkan di ńlá jù, torí bí àwòrán ṣe ń tóbi ni ibi tí o ń rí ń kéré sí i, ọwọ́ á sì máa gbọ̀n lójú rẹ. Wo bóyá ìlà inú rẹ̀ ń tóbi pẹ̀lú àwòrán. Tí kò bá tóbi pẹ̀lú rẹ̀, ìṣirò mil yẹn á jẹ́ òótọ́ ní ipò kan ṣoṣo, ní àwọn ipò yòókù irọ́ ló máa pa fún ọ. Ti gbígbé e kalẹ̀: dè é mọ́ ìbọn ṣinṣin, fi àyè sílẹ̀ láàárín rẹ̀ àti ojú kó má baà gbá ọ nípọ̀n-ọ́njú, kí ìlà inú rẹ̀ dúró gbọn-in, kó má ṣe ya. Yìn ín lẹ́ẹ̀mẹta sí pátákó kan ní mítà 100. Wo àárín ihò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kì í ṣe ọ̀kan. Yí bọ́tìnnì rẹ̀. Tó bá jẹ́ irú èyí tó ń ka ìdá mẹ́wàá mil, ìró kan ń sún ọta ní sẹ̀ǹtímítà kan ní mítà 100. Yìn ín lẹ́ẹ̀mẹta sí i. Ìgbà tí ọta bá ń lu ibi tí ojú ń wò ni wọ́n tó lè sọ pé ó ti bọ́ sípò.

Wọ́n tún ní òfin kan tó lágbára ju gbogbo rẹ̀ lọ: má fi awò ìbọn wá ohun tí o kò tíì mọ̀. Bí nǹkan bá mì nínú igbó, awò ọwọ́ ni kóo fi wò ó, torí pé ibi tí awò ìbọn bá kọjú sí, ibẹ̀ ni ẹnu ìbọn náà kọjú sí. Ọdẹ wa náà mọ èyí. Ẹni tó bá yìnbọn lu ìró, ó lè lu ọmọ ìyá rẹ̀.

Mo fẹ́ fi Kírìjì parí rẹ̀. Kì í ṣe ìbọn tó ríran jìnnà jù ló là wọ́n. Ní 1886, àlùfáà méjì, Samuel Johnson àti Charles Phillips, ni wọ́n gbé ọ̀rọ̀ àlàáfíà káàkiri láàárín Ìbàdàn àti Èkìtìparapọ̀. Johnson yìí náà ló kọ ìtàn Yorùbá tó jáde ní 1921, lẹ́yìn tó ti kú. Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi rìn wọ inú bùdó kan, wọ́n rìn jáde, wọ́n sọdá sí òdìkejì. Ní September ọdún náà ni wọ́n kéde àdéhùn láàárín bùdó méjèèjì. Kò tán síbẹ̀ o, ọ̀pọ̀ ò kúrò ní bùdó títí Gómìnà Carter fi gòkè lọ ní 1893. Ṣùgbọ́n ibẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í tán: nígbà tẹ́nì kan tún rin àárín òkè méjèèjì, tó súnmọ́ ọn dé ibi téèyàn ti lè rí ojú ẹnì kejì rẹ̀.

Lálẹ́ àná mo tún dúró ní bákóní. Iná ti lọ, jẹnẹrétọ̀ ń dún láàárín ilé sí ilé. Ẹnì kan ń bọ̀ láti ìpẹ̀kun àdúgbò, mi ò mọ̀ ọ́n. Mo na apá, mo gbé àtàǹpàkò, mo di ojú kan, mo la èkejì. Mítà 60, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀. Nígbà tó fi máa wọ abẹ́ ilé wa, ìyá aláta ilé kejì ni. Mo kí i pé ẹ káàbọ̀ mà. Ó ní, “Kí lò ń na ọwọ́ sí mi fún ná?” Ojú tì mí. Mo rọ ọwọ́ mi wálẹ̀.